Ológbò tí ò jẹun: ṣé kò fẹ́ jẹ ni, àbí kò lè jẹ?

Jàgùdà lorúkọ ológbò mi, ẹni tó bá sì ti gbé ẹja sílẹ̀ nílé wa rí á mọ ìdí tá a fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìdérí ìkòkò, ó mọ bí wọ́n ṣe ń ya ọ̀rá ìdọ̀tí láti ìsàlẹ̀. Torí náà lọ́jọ́ tí mo gbé Títọ́sì bíbọ̀ síwájú ẹ̀, tó sáré wá, tó gbọ́ òórùn ẹ̀, tó fẹnu kàn án lẹ́ẹ̀kan tó sì fà sẹ́yìn, ẹ̀rín ni mo rín, mo ní ọ̀gá ti di ọmọ olówó, ẹja lásán ò tó o mọ́. Ọjọ́ kejì náà, bákan náà. Ìyá kan ládùúgbò wa ní kí n má dá a lóhùn, ó ní tébi bá pa á dénú á jẹ, kò sẹ́ranko tó ń febi pa ara ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí o, àmọ́ tó bá ti di ti ológbò, irọ́ ni. Mo sì ti wá rí i pé èmi nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń dà láàmú, ológbò ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti èkúté pípa nìkan mọ́, àwọn èèyàn ń gbé e sínú fúláàtì, wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ tí ò bá wá jẹun báyìí, ẹnì kan á ní ẹ fún un lépo pupa, ẹlòmíì á ní ẹ lọ parasitámọ̀ sí i, ẹlòmíì á ní ẹ bá a wí. Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí là ń pè ní "kò jẹun" gan-an?

Nǹkan mẹ́ta la máa ń pa pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan yìí. Àkọ́kọ́, kò fẹ́ jẹ: oúnjẹ ò wù ú, ó lè má tiẹ̀ yíjú síbi tí àwo wà. Èkejì, kò lè jẹ: ebi ń pa á, oúnjẹ ń wù ú, ó ń wá sídìí àwo, àmọ́ ẹnu tàbí ọ̀fun ò gbà fún un. Ẹ̀kẹta ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó ń jẹun dáadáa, ilé yín ni ò ti jẹun. Ológbò tó bá ń jáde lè ní ilé mẹ́ta kó sì máa jẹ́ orúkọ mẹ́ta, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ará ilé kejì léèrè. Tí ara ẹ̀ bá ń dán, tí kò rù, tó ń ṣeré, tó ń yàgbẹ́ bó ṣe ń yà á tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ń bọ́ ọ níbì kan.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kò fẹ́ àti kò lè yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání, torí ohun tá a máa ṣe sí wọn ò jọra. Èyí tí ò fẹ́ jẹ, èèyàn lè fi oúnjẹ olóòórùn tàn án. Èyí tí ò lè jẹ, tẹ́ ẹ bá gbé gbogbo ẹja Makoko síwájú ẹ̀, ìyà lẹ kàn fi ń jẹ ẹ́.

Ṣebí ajá lè fi odindi ọjọ́ méjì wà láìjẹun, kí ló dé tí ti ológbò fi yàtọ̀?

Ẹ̀dọ̀ ni. Tí oúnjẹ ò bá wọlé, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá tó ti kó pa mọ́ jáde, á sì kó o lọ sínú ẹ̀dọ̀ kí ẹ̀dọ̀ lè sọ ọ́ di agbára. Èèyàn náà ń ṣe é, ajá ń ṣe é. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ ológbò ò yára nídìí iṣẹ́ yẹn, kì í tètè rí ọ̀rá yẹn lò, ọ̀rá á wá jókòó síbẹ̀.

Ẹ wo oníẹ̀rọ ata ládùúgbò yín lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n dé Iléyá. Ọjọ́ lásán, abọ́ kan á dé, á lọ̀ ọ́, èkejì á dé, á lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn gbogbo àdúgbò á dà dé lẹ́ẹ̀kan, abọ́ á tò láti ẹnu ẹ̀rọ dé títì, ẹ̀rọ á gbóná, á kú, ata gbogbo ayé á wá wà nílẹ̀ níbẹ̀ tí á máa kan. Bí ẹ̀dọ̀ ológbò tí ò jẹun ṣe máa ń rí nìyẹn. Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti kún yìí á jẹ́ kí èébì máa gbé e, èébì ò ní jẹ́ kó jẹun, àìjẹun á sì tún máa kó ọ̀rá sí i wá, bó ṣe ń yí po nìyẹn títí tí ojú ẹ̀, erìgì ẹ̀ àti inú etí ẹ̀ á fi pọ́n bí ìyeyè. Tẹ́ ẹ bá ti rí àwọ̀ yẹn, ẹ ti pẹ́ díẹ̀.

Ẹ sì gbọ́ eléyìí dáadáa, ológbò tó sanra ló tètè ń kó o jù. Èmi náà ti rò ó sódì tẹ́lẹ̀, mo ní Jàgùdà ṣáà sanra, ọ̀rá ara ẹ̀ á gbé e fọ́jọ́ mélòó kan. Ọ̀rá yẹn gan-an ni wàhálà.

Nítorí náà: ológbò tó ti dàgbà, tó bá ti di odindi wákàtí 24 tí kò fi nǹkan kan sẹ́nu, ẹ pe dókítà ẹranko. Tó bá fẹ́ di ọjọ́ méjì, ẹ má pè mọ́, ẹ gbé e lọ. Ọmọ ológbò tó ṣì kéré, wákàtí 12 ti pọ̀ jù fún un, torí kò ní nǹkan kan nípamọ́. Èyí tó ń jẹ díẹ̀ níbẹ̀, tí kò jẹ tó ìdajì ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ má fi "ṣebí ó ń tọ́ ọ wò" tan ara yín, ara wọn náà ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kò lè jẹ ni?

Ẹ gbé oúnjẹ tó fẹ́ràn jù fún un, kẹ́ ẹ wá jókòó wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ má ṣe nǹkan míì. Tẹ́ ẹ bá lè fi fóònù ya fídíò ẹ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìbẹ̀rù ò ní jẹ́ kó ṣe ohun tó ń ṣe nílé.

Nígbà tí mo jókòó wo Jàgùdà lọ́jọ́ kejì yẹn lojú mi tó là. Ó sáré wá. Ó fi eyín mú ẹja, ó fi orí ṣẹ́ sápá òsì bí ẹni tó ń gbọ́rọ̀ lára ògiri, ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹja já bọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ iwájú nu ẹnu, ó ń nù ún, ó ń nù ún, bí ọmọ kékeré tí ata ta lẹ́nu. Irun àyà ẹ̀ rin, itọ́ ni. Mo sún mọ́ ọn, ẹnu ẹ̀ ń rùn bí omi ẹran ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí mo ń pè ní fàájì látàná, ìrora ni. Ológbò tó bá ń wá sídìí àwo tó ń padà, tó ń gbé oúnjẹ tó ń já bọ́, tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan ṣoṣo jẹ, tí itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, tó ń fọwọ́ họ ẹnu, kò lè jẹ ni.

Ti Jàgùdà, eegun adìẹ ni. Èyí tó jí nínú ìdọ̀tí. Ó há sí òkè ẹnu ẹ̀ láti eyín ẹ̀yìn apá kan dé èkejì, gbọnrangandan, bí ìgbà tí wọ́n fi igi dábùú ilẹ̀kùn. Eegun adìẹ tí wọ́n ti sè kì í kán pẹ́rẹ́, ó máa ń là sọ́nà ṣóńṣó ni, torí ẹ̀ ni wọn ò ṣe fẹ́ ká máa fún ajá tàbí ológbò.

Nǹkan míì tún wà. Eyín ológbò 30 ni nígbà tó bá dàgbà, àwọn kan nínú ẹ̀ sì máa ń jẹra láti ibi gbòǹgbò, lẹ́bàá erìgì, èèyàn lè má rí i lójú àfi kí dókítà ya fọ́tò ẹ̀. Erìgì lè wú kó pọ́n wẹ̀. Kòkòrò àìsàn kan wà tó ń fa ọ̀fìnkìn ológbò tó tún máa ń dá egbò sí ahọ́n, ẹ máa rí i bí ibi tí nǹkan gbóná ti jó èèyàn lẹ́nu.

Òwú náà ńkọ́? Ẹ̀yin télọ̀, ẹ sún mọ́bí. Ológbò fẹ́ràn òwú, ahọ́n ẹ̀ sì ní ẹ̀gún tó kọjú sẹ́yìn, ohun tó bá ti kó síbẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun ló ń gbà lọ. Tẹ́ ẹ bá rí òwú tó lọ́ mọ́ abẹ́ ahọ́n, tàbí tó yọ nídìí ẹ̀, ẹ dákun ẹ má fà á. Apá kejì òwú yẹn lè wà nínú ìfun, tẹ́ ẹ bá fà á, á gé ìfun bí òwú ṣe ń gé ẹyin sísè. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ṣé kí n fọwọ́ mi la ẹnu ẹ̀ wò?

Ó dọ́wọ́ nǹkan kan. Ṣé ológbò yẹn ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi? Àwa èèyàn rò pé ajá nìkan ló ń ní dìgbòlugi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ológbò náà ń ní in. Ọ̀kan lára ohun tó sì ń ṣe ni pé ọ̀fun á kú, kò ní lè gbé nǹkan mì, itọ́ á máa dà, ẹni tó bá rí i á rò pé eegun ló há a lọ́fun, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Torí náà ológbò tí ò gbàjẹsára, tó ń jáde, tí ìwà ẹ̀ yí padà lójijì, èyí tó ń bẹ̀rù èèyàn tẹ́lẹ̀ tó wá ń súnmọ́ni tàbí èyí tó tutù tẹ́lẹ̀ tó wá ń gé èèyàn jẹ, ẹ má fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀ rárá. Tó bá ti gé yín jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn èèyàn lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má dúró kẹ́ ẹ máa wò bóyá ológbò á kú.

Tí kò bá sí tìyẹn, kí ẹnì kan fi táwẹ̀lì wé e, kó ku orí nìkan níta, kí ẹnì kejì tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, kó gbé ètè sókè wo eyín àti erìgì. Tó bá ń jà, ẹ fi sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé kò fẹ́ jẹ ńkọ́?

Imú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Imú ni ológbò fi ń jẹun ju ẹnu lọ. Ahọ́n ẹ̀ ò tiẹ̀ mọ adùn ṣúgà rárá, wọ́n bí i bẹ́ẹ̀ ni, òórùn ẹran ló ń pè é wá sídìí àwo. Ẹ rántí bí ẹ̀gúsí ṣe máa ń dà bí páálí lẹ́nu nígbà tí kátá bá dí yín nímú. Ti ológbò burú ju tiwa lọ, àwa á ṣáà jẹ ẹ́ torí a mọ̀ pé ó yẹ ká jẹun, òun tí kò bá gbóòórùn ẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ lójú ẹ̀. Tó bá ń sín, tí ojú ń ṣepin, tí imú dí, ẹ ti mọ ibi tọ́rọ̀ wà.

Inú náà wà níbẹ̀. Tó bá ń lá ètè léraléra, tó ń gbé itọ́ mì, tó rí oúnjẹ tó sì yíjú bí aláboyún tí òórùn epo ò bá lára mu, èébì ló ń gbé e. Tó bá ti dàgbà, bí ẹni ọdún mẹ́wàá sókè, tó ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó ń rù, kí wọ́n yẹ kíndìnrín ẹ̀ wò.

Akọ tó bá ń lọ síbi yanrìn tó ń tọ̀ sí, tó ń lóṣòó, tó ń ké, tí ìtọ̀ ò jáde tàbí tó ń kán tó-tó, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọ̀nà ìtọ̀ ẹ̀ ti dí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la nìyẹn, kódà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀lẹ́, ó lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn kan ò tiẹ̀ ṣàìsàn. Ẹ kó wá sílé tuntun, ẹ mú ológbò kejì wọlé, àwọn ọmọ ń yin bángà, ẹ gbé àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ń yàgbẹ́ sí (ṣé ẹ̀yin á jẹun ní ṣáláńgá ni?), tàbí ẹ ṣàdédé yí oúnjẹ ẹ̀ padà. Abo tó ń wá akọ kì í ráyè oúnjẹ, akọ tó gbóòórùn abo náà ò ráyè. Aboyún lè dín oúnjẹ kù ní bí ọ̀sẹ̀ kẹta oyún, á sì tún pa á tì tó bá fẹ́ bímọ. Ẹni tó gba àjẹsára lánàá lè fi ọjọ́ kan sinmi. Àmọ́ wákàtí 24 tí mo sọ yẹn ò yẹ̀ fún ìkankan nínú wọn.

Kí ni mo lè ṣe nílé kí n tó gbé e lọ?

Ẹ mú oúnjẹ lọ́wọ́ọ́rọ́. Ohun tó ṣiṣẹ́ jù nìyẹn, tó sì rọrùn jù. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní fíríìjì ò ní òórùn, ẹ fi omi gbóná yí i ká títí táá fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ẹran tí ẹ̀mí ṣì wà nínú ẹ̀, kó má jóni lọ́wọ́. Ẹ fi òwú tí wọ́n rì sómi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nu imú àti ojú ẹ̀. Ẹ lè gbé e wọ bálùwẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi omi gbóná wẹ̀ kí ooru ẹ̀ tú imú.

Ẹja bíbọ̀ tàbí adìẹ bíbọ̀, ẹ yọ gbogbo eegun ẹ̀, ẹ lọ̀ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ tí ẹnu bá ń dùn ún. Kò gbọdọ̀ ní iyọ̀, ata, Mágì. Àlùbọ́sà àti áyù ni kẹ́ ẹ sá fún jù, wọ́n ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, sísè ò sì yọ májèlé yẹn kúrò. Ẹ gbé díẹ̀ sí àwo pẹrẹsẹ níbi tó dákẹ́, kí àwọn ọmọ má pagbo yí i ká máa sọ pé "jẹ ẹ́, jẹ ẹ́". Tí kò bá jẹ ẹ́ láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ gbé e kúrò, oòrùn ilẹ̀ wa ò ní jẹ́ kó pẹ́ kó tó bàjẹ́. Ẹ má sì to oríṣi márùn-ún síwájú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ológbò tí inú ń rìn tó bá gbóòórùn oúnjẹ jù, ó lè kórìíra oúnjẹ yẹn títí lẹ́yìn tára ẹ̀ bá yá.

Epo pupa, parasitámọ̀, mílíìkì àti síríǹjì

Parasitámọ̀ ni mo fẹ́ kígbe lé lórí. Ẹ̀dọ̀ èèyàn ní ọ̀nà tó ń gbà tú u dànù, ẹ̀dọ̀ ológbò ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ọ̀nà yẹn rárá. Hóró kan péré lè pa á. Erìgì ẹ̀ á di àwọ̀ kọfí, ojú á wú, kò ní lè mí dáadáa. Ẹ má là á sómi fún un, ẹ má ní ìdajì lásán ni. Ìbùprófẹ́ẹ̀nì náà, ẹ jẹ́ kó wà lápótí.

Epo pupa, mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa nígbàgbọ́ nínú ẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ ti gbé ṣíbí dání kí n tó dé ibi tí Jàgùdà wà. Epo ò yọ eegun, kò sì pa májèlé. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ni pé tí wọ́n bá fi tipátipá dà á sẹ́nu ológbò, ó lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ wá ní àìsàn méjì. Ohun tó jẹ́ kí síríǹjì náà léwu nìyẹn: èyí tó lè gbé nǹkan mì dáadáa, dókítà lè kọ́ yín bẹ́ ẹ ṣe máa fi bọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kéèyàn kàn gbá a mú kó máa fún oúnjẹ sí i lọ́fun, rárá. Mílíìkì kì í bá ọ̀pọ̀ àgbà ológbò lára mu, ìgbẹ́ gbuuru ló ń fi sanwó.

Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ ò gba "ẹ jẹ́ ká máa wò ó" mọ́?

Tí itọ́ bá ń dà tí ara ẹ̀ sì ń gbọ̀n, pàápàá tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọtápiápiá tàbí oògùn eku nítòsí, ẹ gbé e lọ tìgò-tìgò tàbí tọ̀rá-tọ̀rá oògùn yẹn. Tí kò bá lè mí, tó ń bì léraléra, tí ojú tàbí erìgì pọ́n bí ìyeyè, tí akọ ò lè tọ̀, tó bá jẹ́ ọmọ kékeré tó ń bì tó tún ń yàgbẹ́ gbuuru, òru tàbí ọ̀sán, ẹ máa lọ. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, ó wà ní Yunifásítì Ìlọrin, àwọn dókítà aládàáni náà sì wà káàkiri ìlú ńlá.

Ẹ gbé e sínú agbọ̀n onídèérí tàbí páálí tẹ́ ẹ lu ihò sí, ẹ má gbé e sáyà lórí ọ̀kadà. Wọ́n á bi yín léèrè ìgbà tó jẹun kẹ́yìn, ohun tó jẹ, bó ṣe ń tọ̀, bó ṣe ń yàgbẹ́, àjẹsára tó ti gbà. Wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á wo ẹnu, wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n lè fún un ní omi dírípù àti abẹ́rẹ́ tó ń lé èébì lọ. Oògùn wà tó ń jẹ́ kó wù ú jẹ, àmọ́ tí eegun bá há sẹ́nu, ẹ̀yin náà mọ̀ pé oògùn yẹn ò lè ràn án lọ́wọ́. Èyí tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ti kún, wọ́n lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i lọ́rùn tí wọ́n á máa gbà fún un lóúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ń dẹ́rù bani tójú bá rí i, mo gbà, àmọ́ ohun tó ń gba ọ̀pọ̀ wọn là nìyẹn.

Ti Jàgùdà ò dé ibẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ oorun, dókítà tan iná, ó ní "Mọ́mì Jàgùdà, ẹ wá wo nǹkan", ó sì fi ẹ̀mú kékeré fa eegun yẹn jáde, kò gùn ju ìdajì igi ìṣáná lọ. Ó dì í sí tíṣù fún mi. Ó ní kí n má fún un lóúnjẹ títí ojú ẹ̀ á fi là dáadáa, kó sì máa jẹ ohun rírọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó jẹ ìdajì ẹja tí mo tẹ̀ fún un, ó fi orí ṣẹ́ sápá òsì síbẹ̀, bóyá ó ti mọ́ ọn lára. Mo ti ra garawa ìdọ̀tí onídèérí tó wúwo. Bí mo ṣe ń tẹ èyí, orí ìdérí yẹn ló jókòó sí.